Wọ́n ń gé owó oṣù nítorí ṣọ́tèèjì àti pípẹ́ dé ibi iṣẹ́: kí ni òfin sọ, kí la sì lè ṣe l'Ékòó?

ỌmọBárígà
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa ń ṣe kásíà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan lápá Ìyànà Ìpájà. ₦75,000 ni owó oṣù rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ₦44,000 ló wọ àkáǹtì rẹ̀. Wọ́n ní ṣọ́tèèjì, ìyẹn owó tí wọ́n ní kò pé nínú dúróà, kó ₦27,000 lọ, wọ́n ní ó sì pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mẹrin, ₦1,000 fún ẹ̀ẹ̀kan. Ó ti lo oṣù mẹ́rìnlá níbẹ̀ láìrí lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́. Sátífíkéètì NCE rẹ̀, ojúlówó rẹ̀ o, kì í ṣe fotokọ́pì, wà nínú dúróà máníjà. Lọ́jọ́ tó wọṣẹ́, wọ́n ní kó fọwọ́ sí ìwé kan pé gbogbo ṣọ́tèèjì, òun ni yóò san án.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ìfọwọ́sí yẹn ti dè é? Báwo ló ṣe lè gba owó rẹ̀ padà? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kó dáhùn o. Ẹ má sọ fún mi pé kó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Lọ́yàÒpópónà
Ìfọwọ́sí yẹn kò dè é. Abala 5 nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ ti Nàìjíríà, ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ bá a ṣe àdéhùn pé òun yóò máa yọ ọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé àdéhùn náà gan-an ni òfin kọ̀. Nítorí náà, ₦4,000 pípẹ́ dé yẹn kò ní ẹsẹ̀ tó fẹ́ fi dúró. Bí ẹnì kan bá ń pẹ́ dé, ẹ fún un ní kúẹ́rì, ẹ kọ ìwé ìkìlọ̀ sí i. Bó bá pọ̀ jù, ẹ fún un ní nótíìsì kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan owó rẹ̀.

Ti ṣọ́tèèjì yàtọ̀ díẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó mú ọ̀gá pàdánù, tàbí tó jẹ́ àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, òfin gbà kí wọ́n yọ ìwọ̀nba owó. Ṣùgbọ́n ọ̀gá lébọ̀ tí ìjọba fún láṣẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé kí wọ́n tó yọ kọ́bọ̀. Ẹ lọ bi máníjà ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá láti Ọ̀gbà dé Súúrùlérè pé kí wọ́n mú ìwé yẹn jáde, wọn á kàn máa wò yín ni.

Ká tiẹ̀ wá sọ pé ìwé náà wà. Àròpọ̀ gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta owó oṣù yẹn. Ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta ₦75,000 jẹ́ ₦25,000. ₦31,000 ni wọ́n yọ. Àṣejù ti wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ₦6,000, bí a bá tilẹ̀ gbà pé ìyókù tọ́.

Lórí lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́, abala 7 fún ọ̀gá ní oṣù mẹ́ta láti kọ àwọn àdéhùn pàtàkì sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́: irú iṣẹ́, iye owó àti ìgbà tí wọ́n ń san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, nótíìsì. Àmọ́ kó má bẹ̀rù pé nítorí pé kò sí lẹ́tà, òun kì í ṣe òṣìṣẹ́. Alert owó oṣù tó ń wọlé lóṣooṣù, káàdì ìdánimọ̀, rọ́sítà tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹlẹ́rìí ni gbogbo wọn.

KásíàÀgbà
Lọ́yà ti sọ ti òfin. Ẹ jẹ́ ká wo orí káńtà, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ṣọ́tèèjì kì í ṣe owó tó sọnù rárá. Àkọsílẹ̀ ló bàjẹ́.

Bí ìṣirò ṣe ń lọ nìyí. Wọ́n á fún kásíà ní owó ṣéńjì láàárọ̀, ká sọ pé ₦10,000. Tí iṣẹ́ bá parí, mọ́ṣíìnì á tẹ ìwé gígùn kan jáde tí à ń pè ní Z. Bí Z bá ní ₦186,400 ni owó káàṣì tó wọlé, ₦196,400 ló yẹ kó wà nínú dúróà. Tí wọ́n bá kà á tó jẹ́ ₦190,400, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ₦6,000 kò pé.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Oníbàárà kan gbé ọjà wá, kásíà ti fi gbogbo rẹ̀ síwájú mọ́ṣíìnì, ó ti tẹ̀ ẹ́ pé káàṣì ni, oníbàárà ní owó òun kò tó, ó fi ọjà ₦6,000 sílẹ̀ lórí káńtà. Kásíà kò lè pa á rẹ́ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ súpáfáísọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe void wà, súpáfáísọ̀ sì ti lọ jẹun. Láìnì ti gùn dé ẹnu ọ̀nà, àwọn èèyàn ti ń kùn. Kásíà á ní "tó bá dé màá sọ fún un", á sì gbàgbé. Ọjà wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù, owó kò sì sọnù, ṣùgbọ́n Z ti sọ pé ó gba ₦6,000. Owó oṣù ló ń lọ yẹn o!

Ìkejì ni nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kan tí èèyàn méjì ń lò. Tí ẹnì kan bá lọ jẹun tí ẹlòmíì dúró fún un láìjáde lórí mọ́ṣíìnì kó tún wọlé pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó ṣi owó ka. Ó yẹ kí wọ́n ti Z ti ẹni àkọ́kọ́, kí wọ́n ka owó, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹnì kejì tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni tráńsífà. Kásíà kì í rí inú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù, máníjà ló ń rí i. Oníbàárà á fi fóònù hàn pé òun ti sanwó, kásíà á bi máníjà lórí WhatsApp, máníjà á ní "ó ti wọlé, jẹ́ kó máa lọ". Tó bá di alẹ́, wọn ò rí owó. Ta ló ni àìbìkítà níbẹ̀? Kó tọ́jú ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn bí ẹyin.

Nítorí náà, láti ọ̀la lọ, kó ka owó ṣéńjì lójú súpáfáísọ̀ láàárọ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Kó kọ gbogbo void sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Kó ya fọ́tò Z lálẹ́ kó tó fà á lé wọn lọ́wọ́. Ìwé Z máa ń ṣá tó bá pẹ́, fọ́tò kì í ṣá.

Mítà_àti_Lítà
Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní ilé epo, àwọn tó ń ta epo nídìí pọ́ǹpù sì ni ìyà rẹ̀ ń jẹ jù. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò hàn yín. Ká fi lítà kan sí ₦900 kó lè rọrùn.

Mítà ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: 482,310.5. Mítà ìparí: 483,962.0. Ẹ yọ ọ́, ó jẹ́ lítà 1,651.5. Máníjà á ní kó mú ₦1,486,350 wá. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yẹn wọ́n fa lítà 20 sínú agolo ìwọ̀n láti dán pọ́ǹpù wò bóyá ó péye, wọ́n sì dà á padà sínú táǹkì. Mítà ti kà á, ẹnikẹ́ni kò ra á. Lítà 1,631.5 ló tà ní tòótọ́, ₦1,468,350 ni. Bí wọn kò bá kọ lítà 20 yẹn sínú ìwé, ṣọ́tèèjì ₦18,000 ti dé nìyẹn, ọmọ ọlọ́mọ kò sì jí kọ́bọ̀.

Èyí tó tún burú ni epo jẹnẹrétọ̀. Ọ̀gá á rán èèyàn wá pé kí wọ́n fa lítà 10 sí kẹ́ẹ̀gì fún jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì, láìsí ìwé. ₦9,000 lọ́jọ́ kan. Kí ẹni tó wà nídìí pọ́ǹpù má fa epo kankan láìjẹ́ pé ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ìwé. Kó sì ya fọ́tò mítà nígbà tó ń gba pọ́ǹpù àti nígbà tó ń fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́nMùṣín
Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹ ti ka òfin tán, ẹ ti ṣírò lítà tán. Tí ọmọ yẹn bá lọ sọ fún máníjà pé "abala 5", kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn á ti ní kó máa lọ. Èèyàn ogún ló ń dúró ní géètì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń wá irú iṣẹ́ yẹn. Èwo ló sàn, ₦44,000 tàbí òdo?

Ẹgbẹ́Òṣìṣẹ́_Ìlúpéjú
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, mi ò ní bá yín jà. Ẹ jẹ́ kí n tiẹ̀ fi èyí tó burú jù kún un: owó ìtanràn tí Labour Act fi lélẹ̀ fún ọ̀gá tó bá rú irú òfin yìí kò ju ₦800 lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ₦1,500 bó bá tún un ṣe. Òfin ọjọ́ pípẹ́ ni, owó inú rẹ̀ kò sì yí padà. ₦800 kò tó ra ife ìrẹsì kan pẹ̀lú ẹran. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtanràn ló ń dẹ́rù ba ọ̀gá.

Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni kó máa san owó tó yọ padà lápapọ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́, kí ọ́fíìsì lébọ̀ máa wá yẹ ìwé rẹ̀ wò, kí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì àti owó orí tí kò san sì jáde níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í dára kí ẹnì kan ṣoṣo lọ dúró níwájú rẹ̀. Bí kásíà mẹ́fà bá fọwọ́ sí lẹ́tà kan náà, kò rọrùn láti lé mẹ́fà lọ́jọ́ kan, pàápàá lóṣù Kejìlá.

Kó má sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìbínú. Abala 11 ti sọ iye nótíìsì. Bí èèyàn bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ni. Bó bá ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tó ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọdún márùn-ún lọ sókè, oṣù kan. Oṣù mẹ́rìnlá ni tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un nínú ìwé tàbí kí wọ́n san owó ọ̀sẹ̀ kan dípò rẹ̀. Òun náà gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn. Tó bá kàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ kan, ó ti fún wọn ní nǹkan tí wọ́n á máa sọ.

ÀǹtíHR_Ọ̀gbà
Mo fara mọ́ Ìlúpéjú. Kó kọ́kọ́ kó ẹ̀rí jọ fún oṣù méjì, kó máa wá iṣẹ́ míì lábẹ́lẹ̀, kó tó fi lẹ́tà sílẹ̀. Ẹ̀rí tí èèyàn bá fẹ́ kó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti pẹ́.

Lórí sátífíkéètì: ojúlówó kì í gbé ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Wọ́n lè wò ó lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ṣe fotokọ́pì, kí wọ́n sì kọ sára fotokọ́pì pé "a ti rí ojúlówó". Kó kọ ìwé kúkúrú pé òun fẹ́ lò ó fún ìforúkọsílẹ̀ TRCN (àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀), nítorí olùkọ́ ni NCE rẹ̀ sọ ọ́ dà. Kò sí ìjà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kó gba sátífíkéètì rẹ̀ KÍ ó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó.

Kó tún wo fọ́ọ̀mù onídùúró. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi ibi tó yẹ kí iye owó wà sílẹ̀ lófìfo. Onídùúró tó bá fọwọ́ sí òfìfo ti gbé ọrùn sílẹ̀. Ẹ kọ iye kan síbẹ̀, bí àpẹẹrẹ owó oṣù méjì, ẹ kọ ọjọ́ tí ìdúró náà máa parí, ẹ sì fi gègé pa gbogbo àyè tó bá ṣófo. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ṣẹ́ẹ̀kì òfìfo. Àwọn kan ṣì ń bèèrè rẹ̀ láyé òde òní, ó máa ń yà mí lẹ́nu.

Awáṣẹ́_Yábà
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ₦70,000 ìjọba kò kan gbogbo ilé iṣẹ́ ni? Àwọn kan ń san ₦40,000 ní Yábà níbí.

Akọ̀wéOwóOṣù
Ó kàn wọ́n, àyàfi àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Oṣù Keje ọdún 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí ₦70,000, láti ₦30,000 ti ọdún 2019. Ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò sí lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń fi ìdajì ọjọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn tí wọ́n ń sanwó fún lórí kọmíṣọ̀n tàbí lórí iye tí wọ́n bá ṣe. ₦85,000 tí ẹ ń gbọ́, ti òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọgbọ́n tí àwọn ọ̀gá ń dá síbẹ̀ ni pé wọ́n á fi orúkọ ilé iṣẹ́ mẹ́ta gba èèyàn ọgọ́ta, kí orúkọ kọ̀ọ̀kan má tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí alert owó oṣù yín àti ti ẹni tó jókòó tì yín. Tí orúkọ bá yàtọ̀ àmọ́ tó jẹ́ máníjà kan náà, géètì kan náà, rọ́sítà kan náà, ẹ ya fọ́tò rọ́sítà yẹn. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí èyí tó ń dùn mí jù, owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ọdún 2014 ní ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ dá a. Òṣìṣẹ́ á dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀gá á dá ìdá 10, lórí àròpọ̀ owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Ká sọ pé àwọn mẹ́ta yẹn jẹ́ ₦90,000. Òṣìṣẹ́ á dá ₦7,200, ọ̀gá á dá ₦9,000, ₦16,200 ló yẹ kó máa wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lóṣooṣù. Ọjọ́ iṣẹ́ méje péré ni ọ̀gá ní lẹ́yìn tó bá sanwó oṣù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á yọ ₦7,200, wọ́n á kọ ọ́ sórí ìwé owó oṣù, kò sì ní dé ibi tó ń lọ. Láàárín ọdún kan, ₦194,400 ni ọ̀gá ti fi ń ṣòwò. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí ẹ máa fẹ̀yìn tì kí ẹ tó wò ó. Ẹ bèèrè statement lọ́wọ́ PFA yín, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó oṣù, ẹ máa fi gègé mú oṣù kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn ọ̀gá ti san án, orúkọ ni kò bá ti NIN mu tàbí kí nọ́ńbà PEN (nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì) ṣì, owó á wà lọ́dọ̀ PFA láìmọ ẹni tó ni ín. Nítorí náà, ẹ má kọ́kọ́ pariwo olè.

Tó bá jẹ́ pé kò san án lóòótọ́, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí PFA, kó tó kan PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ so ìwé owó oṣù àti statement mọ́ ọn. PenCom ní àwọn tó ń bá a gba irú gbèsè yìí, èlé ìjìyà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó fi pẹ́. Ọ̀gá tó bá ń wá kọ́ńtíráàkì ìjọba àpapọ̀ ní láti mú ìwé ẹ̀rí PenCom, ti NSITF (àjọ tó ń sanwó fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́) àti ti ITF (àjọ ìkọ́ṣẹ́) wá kó tó lè dupò. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ máa ń tètè sanwó tó bá ti rí lẹ́tà.

Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún, tí kò sì rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin, lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àkáǹtì náà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ PFA.

Ẹgbẹ́Òṣìṣẹ́_Ìlúpéjú
Ẹ ti mẹ́nu ba NSITF. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí mọ́ṣíìnì ní Ìlúpéjú, Ìsọlọ̀ àti Apápá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Tí mọ́ṣíìnì bá gé ìka, ẹ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, nínú ìwé. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ọdún kan ni òṣìṣẹ́ ní láti béèrè owó gbà-má-bínú fún ìpalára rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù ilé iṣẹ́ ni ọ̀gá ń san fún un, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá fún yín ní ₦20,000 ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ má fọwọ́ sí i.

Awáṣẹ́_Yábà
Àwọn káṣúà ńkọ́? Àti àwọn ọmọ kọ́ńtíráàkì tí wọ́n wọ aṣọ báǹkì ṣùgbọ́n tí kì í ṣe báǹkì ló ń sanwó fún wọn?

Lọ́yàÒpópónà
Káṣúà jẹ́ òṣìṣẹ́. Orúkọ lásán ni "káṣúà", Labour Act kò túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ti ń wá lójoojúmọ́ fún ọdún méjì, tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ fóómáànù kan náà, àwọn ẹ̀tọ́ tí mo fẹ́ kà yìí kàn án: wákàtí ìsinmi kan bí iṣẹ́ bá tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ọjọ́ ìsinmi kan nínú méje, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ìsinmi ọdọọdún pẹ̀lú owó lẹ́yìn oṣù méjìlá, àti owó ọjọ́ àìsàn tó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún tó bá mú ìwé dókítà wá.

Ti ọmọ kọ́ńtíráàkì, orúkọ tó wà lórí lẹ́tà rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ń lò ó mọ́ ọn. Ilé ẹjọ́ máa ń wo ẹni tó ń darí iṣẹ́ àti ẹni tó ń jèrè rẹ̀.

Mo fẹ́ ṣàtúnṣe kan sí ohun tí a ti ń sọ. Labour Act kò kan gbogbo ẹni tó ń gba owó oṣù. Abala 91 fi mọ sórí iṣẹ́ agbára àti iṣẹ́ akọ̀wé. Máníjà, akáúńtáǹtì, ẹnjiníà, dókítà kò sí nínú rẹ̀. Lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ tiwọn ni òfin wọn. Kásíà wà nínú rẹ̀ o. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá kan fi ń pe ọmọ títa ọjà ní "Sales Executive". Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ilé ẹjọ́ ń wò, kì í ṣe oyè.

Ìyá_Ìbejì_Àgége
Aboyún ńkọ́?

Lọ́yàÒpópónà
Ọ̀sẹ̀ 12: mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì. Tó bá padà dé, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Wọn kò gbọdọ̀ fún un ní nótíìsì nígbà tó wà nílé ìbímọ.

Awáṣẹ́_Yábà
Ẹ ṣeun. Kí n fi kinní kan kún un fún àwọn tó ń wáṣẹ́, nítorí ìrẹ́jẹ kì í dúró dìgbà tí èèyàn bá wọṣẹ́. Bí tẹ́ẹ̀sì bá wọlé pé kí ẹ wá fún íńtáfíù ní ibi tí ẹ kò kọ̀wé sí, tí wọn kò dárúkọ ilé iṣẹ́, tí ádírẹ́sì jẹ́ hóòlù ní Ìkẹjà tàbí Ọ̀gbà, ọjà ni wọ́n fẹ́ ní kí ẹ máa tà, tàbí kí ẹ sanwó fọ́ọ̀mù. Ẹ wá orúkọ wọn lórí ojú òpó CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní éjẹ́ńtì ni òun, pé òun ń wáṣẹ́ fúnni, ẹ bi í ní láísẹ́ǹsì Ministry of Labour. Ẹ kò sì gbọdọ̀ sanwó "tréníǹgì" kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́nMùṣín
Ó dáa, mo ti gbọ́. Ẹ wá sọ ibi tó máa lọ. Lọ́yà ń gba owó ju ₦31,000 lọ.

Lọ́yàÒpópónà
Ẹ̀gbọ́n, fún ₦31,000, kó má gbà lọ́yà. Lẹ́tà ni kó kọ́kọ́ kọ, kó fún wọn ní ọjọ́ 14. Bí wọn kò bá dáhùn, kó lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó. Wọ́n ní ẹ̀ka. Ọ̀fẹ́ ni. Á kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi ìwé pe ọ̀gá, wọ́n á jókòó sáàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí kì í gbọ́ ohùn òṣìṣẹ́ máa ń gbọ́ ti ìwé tó ní òǹtẹ̀ ìjọba. Ó tún lè gbé e lọ sí ọ́fíìsì lébọ̀ ti ìjọba àpapọ̀, nítorí àwọn ló ni ìfọwọ́sí tí ọ̀gá kò gbà kó tó yọ owó. Ìbéèrè yẹn nìkan ti tó láti dá a dúró.

Bí ọ̀rọ̀ bá tóbi, ká sọ pé owó oṣù mẹ́wàá ni tàbí wọ́n lé èèyàn mẹ́fà, Office of the Public Defender ń gba ẹjọ́ ẹni tí kò lówó lọ́yà. National Industrial Court ni ẹjọ́ iṣẹ́ ń lọ, ti Èkó wà ní Ìkòyí. Láti àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè (Constitution) ọdún 2011, ibẹ̀ nìkan ló ni ẹjọ́ irú èyí. Ẹni tó bá gbé e lọ sí Magistrate á fi oṣù díẹ̀ ṣòfò kí wọ́n tó lé e jáde. Bí ẹ bá fẹ́ lo WhatsApp níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ṣe ìwé ẹ̀rí abala 84 ti Evidence Act mọ́ ọn. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù, ẹ má sì pààrọ̀ fóònù láìfi pamọ́.

ÀǹtíHR_Ọ̀gbà
Lẹ́tà náà nìyí. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ tó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà. Kó má ju ojú ìwé kan lọ, kó má sì sí èébú nínú rẹ̀.

"Sí Máníjà. Owó oṣù mi jẹ́ ₦75,000. Fún oṣù tó kọjá, ₦44,000 ni mo gbà. A sọ fún mi pé ₦27,000 jẹ́ ṣọ́tèèjì, ₦4,000 sì jẹ́ ti pípẹ́ dé. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi ní ìwé Z àti ìwé void ti àwọn ọjọ́ tí ṣọ́tèèjì náà wáyé, àti ẹ̀dà ìfọwọ́sí ọ̀gá lébọ̀ tí abala 5 Labour Act béèrè. Bí kò bá sí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá ₦31,000 padà sí àkáǹtì mi láàárín ọjọ́ 14. Mo tún ń béèrè ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí abala 7 ti sọ. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti múra tán láti jókòó sọ ọ́."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Wọn kò ní lè sọ pé ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

ỌmọBárígà
Ẹ ṣé púpọ̀, Ọlọ́run á san án fún yín. Màá tẹ̀ ẹ́ jáde fún un. Bí akọ̀wé bá kọ̀ láti gbà á ńkọ́?

ÀǹtíHR_Ọ̀gbà
Kó mú ẹ̀dà méjì lọ. Kí wọ́n kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago sára ẹ̀dà kejì. Tí wọ́n bá kọ̀, kó má bá wọn jà níbẹ̀. Kó fi ránṣẹ́ sí email ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó sì fi ojúlówó rán kọ̀ríà lọ sí ádírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ kọ̀ríà á fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí yẹn ni kó gbà padà lọ́wọ́ wọn.